Ṣé kí n fi ọmọ mi sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kó lè kọ́gbọ́n?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán, bàbá. Ọjà Jagun ni mo ti ń ta ata, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìbejì ni mo bí, ọmọ ọdún 16 ni wọ́n. Kẹ́hìndé wà ní SS2, Táyé ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìjà ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn ọmọ àdúgbò wa àti àwọn ọmọ òdìkejì. Táyé la ìgò mọ́ ọmọ òdìkejì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, ojú méje ni wọ́n rán an ní ọsibítù. Ọlọ́pàá ti gbé Táyé. Bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ní kí n má yọjú síbẹ̀, kó lo ọ̀sẹ̀ kan kó lè kọ́gbọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká wá owó fún wọn kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn ọmọ òdìkejì sì ń sọ pé tó bá ti jáde, àwọn máa gbẹ̀san. Kí ni kí n ṣe? Èmi ni Ìyá Ìbejì."

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. A ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sì gbà kí n kọ èyí síta, nítorí ìyá tó wà nírú ipò yìí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ìjọba, tí mò ń tẹ̀lé ọmọdé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti kóòtù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ bàbá Táyé nínú, kò sì ní dùn mọ́ àbúrò yín náà. Ẹ lọ mú ọmọ yín jáde lọ́la, ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ẹ má fowó rà á jáde. Ibi tí ẹ máa mú un gbà ni ọ̀dọ̀ ọmọ tó la ìgò mọ́ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti bàbá rẹ̀, torí òun ni mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí. Ó gbà pé ẹ̀rù ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. N kò bínú sí i. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, bàbá kan fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan, nítorí ó jí owó àjọ ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́sàn-án, nítorí ọ̀gá tó bá sọ ọ́ ti rìnrìn àjò, ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ọjọ́ kẹwàá ni mo débẹ̀. Ọmọ náà jókòó sẹ́bàá garawa tí wọ́n ń ṣe ìgbẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará inú ibẹ̀ ní olórí tiwọn, presido ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín oúnjẹ, òun ló ń pàṣẹ kí wọ́n na ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò bá mú nǹkan wá. Mo bi ọmọ yìí pé kí ló kọ́ níbẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ nani ni wọn kì í nà." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà, kò sì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo tún rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn. Ìdigunjalè ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n jọ sùn ní sẹ́ẹ̀lì yẹn ló mú un wọ ẹgbẹ́.

Ẹ má rò pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tó ń hùwà kò-tọ́ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní ìpínlẹ̀ New Jersey, kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére máa jágbe mọ́ wọn, kí wọ́n máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn, kí ẹ̀rù lè bà wọ́n. Gbogbo ìlú yìn ín, tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò kó lọ, àwọn tí wọ́n kó lọ ló tún dẹ́ṣẹ̀ jù. Ẹ̀rù náà bà wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ ọmọkùnrin tí ẹ̀rù bá ń bà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ìjà ló sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀.

Tiwa níhìn-ín tún burú sí i, torí ọ̀sẹ̀ kan kì í sábà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹni méjì ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹ ó rántí ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà 2021, nígbà tí àwọn agbébọn já ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgò ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń retí ìdájọ́ ni wọ́n tú síta, ó lé ní 800. Yàrá àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ẹ ronú sí i pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó iye yẹn nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá wọlé kò mọ ibi tó máa gbà jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún dábàá Bọ́sítà Ìlọrin fún yín, ìyẹn ilé tí ìjọba ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sí kí wọ́n lè yíwà padà, ẹ sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tó ní ọ̀gá, tó ń sùn sílé ìyá rẹ̀, kò sí ohun tó ń wá níbẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2006. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Gẹ́rẹ́ tí ọlọ́pàá bá mú un ni kí wọ́n fi tó òbí rẹ̀ létí. Àtìmọ́lé ni ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́yìn, fún ìwọ̀nba àkókò tó kúrú jù. Kóòtù kò gbọ́dọ̀ sọ ọmọdé sẹ́wọ̀n, kò sì gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n nà án. Ilé ẹjọ́ ìdílé ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe kóòtù tí wọ́n ti ń gbọ́ ti àwọn àgbàlagbà. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú níbi tí kóòtù wà láàárín kìlómítà 40 gbọ́dọ̀ fojú kan adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, àyàfi tí wọ́n bá ti fún un ní béèlì. Kóòtù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibi tó kàn yín jù nínú òfin ọmọdé yẹn nìyí, àwọn ọlọ́pàá púpọ̀ kì í sì í rántí rẹ̀: ó fún ọlọ́pàá láṣẹ láti yanjú ọ̀rọ̀ ọmọdé láìgbé e dé kóòtù, bí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò bá burú jù, tí àwọn ẹbí sì ṣe tán láti ṣe ohun tó yẹ. Ó dárúkọ ìtọ́sọ́nà, ó dárúkọ sísan ohun tí wọ́n bàjẹ́ padà fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Òfin sọ pé kí wọ́n gba tọ̀tún tòsì níyànjú kí wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Bí DPO bá ní ìgò orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ìdílé nígbà náà, adájọ́ ibẹ̀ náà ní àṣẹ láti fi ọmọ sábẹ́ àmójútó, tàbí kó ní kó ṣiṣẹ́ ìlú. Sẹ́ẹ̀lì kọ́ ló kù.

Ó wá kan àbúrò yín. Ẹ̀tọ́ ni béèlì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ kì í ṣe torí owó nìkan ni mo fi kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá san nǹkan lábẹ́ tábìlì tí Táyé sì rìn jáde, kí ni yóò mọ̀? Yóò mọ̀ pé orí ọmọ ẹni ní iye kan, pé ìyá òun sì lè wá a. Kí ni ọmọ tí wọ́n rán ní ojú méje yóò mọ̀? Yóò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbèjà òun àfi òun fúnra òun. Ìgò kejì ti wà níbẹ̀ yẹn.

Mo wá dé ibi tí mo ti ń bọ̀.

Ní New Zealand, wọ́n ṣòfin kan ní 1989 pé bí ọmọdé bá ṣẹ̀, ìpàdé ẹbí ni kí wọ́n máa fi yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Lára àṣà àwọn Maori onílẹ̀ ni wọ́n ti mú ọgbọ́n yìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á wá pẹ̀lú tirẹ̀, ọlọ́pàá náà á wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹbí ọmọ tó ṣẹ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n gbèrò ohun tí ọmọ wọn máa ṣe, wọ́n á wá gbé e síwájú gbogbo ilé.

Ẹ̀yin náà á sọ pé, ṣebí àwa náà ń ṣe é? À ń ṣe é o. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, ìran wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí tiwa ṣe ń lọ nísinsìnyí. Àwọn àgbà á kóra wọn lọ sílé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní "ẹ bá wa fọwọ́ wọ́nú." Bàbá ilé á fajú ro díẹ̀, á wá ní nítorí àwọn tó wá bẹ òun, òun ti gbà. Wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á mu omi, wọ́n á dìde. Ní gbogbo àkókò yìí, ọmọ tó fọ́ni lórí wà níta lórí ọ̀kadà tó ń tẹ fóònù. Ọmọ tí wọ́n fọ́ lórí wà nínú yàrá pẹ̀lú báńdéèjì, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn bàbá ti parí ìjà tí àwọn bàbá kò jà. Bí ìjà náà bá tún wá bẹ́ lọ́sẹ̀ kejì, ẹnu á ya gbogbo wa. Mo ti jókòó níbi irú ìparí ìjà bẹ́ẹ̀ kọjá kíkà, èmi náà sì ti mu nínú omi yẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan lọ bi ọmọ tí wọ́n rán lórí bóyá ó fẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fi dandan mú un, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbẹnu sọ fún un. Bí ó bá gbà, òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí Táyé jókòó kó gbọ́ ọ tán. Kó gbọ́ bí kò ṣe lè fi orí lélẹ̀ sùn. Kó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n gbé e wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ "ẹ dárí jì í" kí èyí tó parí. Táyé á wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, kò ní sọ "ìjà ló ṣẹlẹ̀", á sọ pé "mo la ìgò mọ́ ọ lórí." Ẹ ó rí i pé gbólóhùn yẹn á há sí i lọ́rùn. Ẹ má bá a sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó ọsibítù. Ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀, àmọ́ kí Táyé dá a padà díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun tó bá ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Kó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún un. Wẹ́dà ni. Bí ilẹ̀kùn ọgbà ilé wọn bá ti jẹrà, kó lọ jó o fún wọn lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọ̀sán mẹ́rin jó irin lójúde ilé kan kò ní lè ka àwọn ará ilé náà sí ọ̀tá bíi tàtẹ̀yìnwá. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ìdílé méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì wẹ́lífíà. Ẹ má parí ohunkóhun lẹ́yìn ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀san kò lè dúró de ìpàdé yẹn. Alẹ́ òní ló ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan wà ní Chicago, Gary Slutkin, tó ti fi ọdún púpọ̀ gbógun ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn onígbáméjì, títí dé Sòmálíà. Nígbà tó padà sílé, ó rí i pé bí ìbọn ṣe ń ran àdúgbò kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni onígbáméjì ṣe ń ràn. Ẹnì kan gbọgbẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbẹ̀san, àwọn ti ibẹ̀ tún gbẹ̀san padà. Ní 2000, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nígbà tó yá, wọ́n gba àwọn tó ti wà nínú ìgboro tẹ́lẹ̀ sí iṣẹ́, kí wọ́n máa lọ bá ẹni tí inú ń bí kó tó jáde nílé. Ní Glasgow, ní Scotland, níbi tí ọlọ́pàá ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 2005 láti dín ìwà ipá kù, wọ́n tún ní irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù, tó ń bá ọ̀dọ́ tí wọ́n gún lọ́bẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Ẹni tí wọ́n rán lórí lánàá ló sábà máa ń fọ́ orí lọ́la.

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn níhìn-ín. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, àwọn ọmọ ìlú yìí kò tíì gbàgbé oṣù Ọ̀wàrà 2020, nígbà tí ìbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan lásìkò ìwọ́de SARS, tí wàhálà sì dé ààfin Ṣọ̀ún lọ́jọ́ kejì. Pásítọ̀ àti ààfáà náà lè má rọrùn, torí ìwàásù ni ọmọ náà á kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ sọ fún mi pé ọkùnrin tó ni ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù náà ti jà nígboro rí, pé àpá wà lápá rẹ̀, pé àwọn ọmọ òdìkejì sì máa ń kí i ní "ẹ̀gbọ́n". Òun ni kẹ́ ẹ rán. Kó pe ẹni tó ń lérí jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bá a sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kó ní kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí òun. Ọmọkùnrin lè gba ìyẹn láìtẹ́, torí ẹ̀gbọ́n ló bọ̀wọ̀ fún. Títí di ìgbà yẹn, kí Táyé lọ máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tó pẹ́ díẹ̀ ló kù. Mo máa ń mú bọ́ọ̀lù tẹ́nìs kékeré kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì. Àwọn olùdámọ̀ràn tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Chicago ni mo jí eré náà wò lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ kan á di bọ́ọ̀lù náà mú, mo á ní kí ẹnìkejì gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wá wo ìjàkadì! Lọ́jọ́ kan, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta já, ọ̀kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbálẹ̀. Nígbà tí àkókò pé, mo bi wọ́n pé ta ló ní "jọ̀ọ́, fún mi ní bọ́ọ̀lù yìí"? Kò sí. Ọ̀kan ní, "Kò ní fún mi, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Mo yíjú sí ẹni tó di í mú. Ó ní, "Tó bá bi mí, mo máa fún un. Bọ́ọ̀lù ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́.

Ohun tí eré yẹn ń kọ́ wọn ni láti dúró díẹ̀ kí wọ́n bi ara wọn léèrè, ṣé ohun tí mo rò pé ẹni yìí fẹ́ ṣe ló fẹ́ ṣe lóòótọ́? Nígbà tí wọ́n fi ìbò mú àwọn ọmọ sínú ẹ̀kọ́ náà ní Chicago, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú wọn fún ìwà ipá dín kù ní nǹkan bí 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àkókò ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, èyí kò dúró. Ohun tó wà ní Monrovia, ní Làìbéríà, ni mo fẹ́ràn jù, torí ìgboro tó jọ tiwa ni. Johnson Borh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọkùnrin olè àti oníjàgídíjàgan jọ, wọ́n bá wọn jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń mú sùúrù, bí a ṣe ń múra, bí a ṣe ń wọ báǹkì láìsá. Àwọn olùwádìí tẹ̀lé 999 ènìyàn. Wọ́n kọ́ àwọn kan lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún àwọn kan ní 200 dọ́là, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwà ọ̀daràn àwọn tó gba méjèèjì ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì sí ti àwọn tí kò gba nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ nìkan kò pẹ́, owó nìkan kò pẹ́. Ó dà bíi pé ìwọ̀nba owó yẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí àyè fi ìwà tuntun náà dánrawò kí ebi tó dá wọn padà.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ọ̀gá Táyé lé e. Mo máa bá a sọ ọ́ fúnra mi. Bí ó bá gbà, mo máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mẹ́jọ tẹ̀léra, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù mi, kí àwọn ọmọ àdúgbò méjèèjì jọ wà níbẹ̀.

Lọ́la, ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì wẹ́lífíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí òṣìṣẹ́ kan tẹ̀lé yín. Ẹ mú ọ̀gá rẹ̀ dání, òun ló lè dúró fún un. Ẹ mú oúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń sọ ọmọ ọdún 16 di 19 pẹ̀lú bírò lásán, gbogbo ohun tí mo sọ nípa òfin ọmọdé á sì wó lulẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti ṣá, ẹ ní kí Kẹ́hìndé wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá, kó mú ìwé ọjọ́ ìbí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ kan náà lẹ bí wọn.